Bó o ṣe lè fi libvirt tọ́jú VM lórí láptọ́ọ̀pù ẹ, pàápàá tí iná bá lọ

Tó o bá ń kọ́ iṣẹ́ Linux l'Óṣogbo níbí, kò dìgbà tó o bá ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta kó o tó mọ bí sáfà ṣe ń bá sáfà sọ̀rọ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí RAM ẹ̀ jẹ́ 8GB lè gbé VM (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) kékeré méjì láì mí hẹlẹ. KVM (apá kan nínú Linux) àti QEMU (ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà) ló ń ṣe iṣẹ́ agbára yẹn, àmọ́ àṣẹ QEMU gùn débi pé ó máa sú ẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo libvirt, ìwọ á sọ tìẹ fún libvirt, òun á lọ bá QEMU sọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni, Red Hat ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2005, èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́ ṣùgbọ́n o lè fi Python tàbí Go pè é, ó sì mọ Xen àti LXC náà, tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá láptọ́ọ̀pù ẹ lè ṣe é:

grep -cE 'vmx|svm' /proc/cpuinfo

Tó bá gbé 0 jáde, wọ inú BIOS, wá VT-x tó bá jẹ́ Intel tàbí SVM tó bá jẹ́ AMD, kó o tàn án. Lẹ́yìn náà, lórí Ubuntu tàbí Debian:

sudo apt install qemu-system-x86 libvirt-daemon-system libvirt-clients virtinst virt-viewer python3-libvirt
sudo usermod -aG libvirt $USER

Jáde, kó o tún wọlé padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gbà ẹ́ láyè.

ISO, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń gbé Linux sínú VM, ló ń jẹ dátà. Debian netinst ni kó o wà jáde, kò tó 1GB, dúró di òru tó o bá ní dátà òru. Má fi sínú Downloads o, QEMU kì í sábà lè kà á níbẹ̀, /var/lib/libvirt/images ni kó o gbé e sí, kó o sọ ọ́ ní debian.iso. Ó yá, tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó o dá VM sílẹ̀ (virsh ni àṣẹ tí wọ́n fi ń bá libvirt sọ̀rọ̀):

virsh -c qemu:///system net-start default
virt-install --connect qemu:///system --name safa1 --memory 1024 --vcpus 1 --disk size=10 --cdrom /var/lib/libvirt/images/debian.iso --osinfo detect=on,require=off

Tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kò burú, máa lọ. IP tí VM máa gbà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.122. Tó o bá tẹ virsh list --all tí ò rí nǹkan kan, fi -c qemu:///system sí i. virsh shutdown ń sọ fún VM pé kó pa ara ẹ̀ jẹ́jẹ́, virsh destroy ń já iná ẹ̀ lójijì àmọ́ kì í pa dísíìkì ẹ̀ rẹ́, torí náà má jáyà.

Ibi tó wá dùn jù nìyí. Wọ́n á mú iná lọ, bátìrì tòkunbọ̀ ò sì lè pẹ́, tí láptọ́ọ̀pù bá kú lójijì, dátábéèsì tó wà nínú VM lè bàjẹ́. libvirt ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní managed save, ó máa kó gbogbo ohun tó wà nínú RAM VM sórí dísíìkì, tó o bá tún fi virsh start tan án, ibi tó o dé gan-an lo máa bá a, fáìlì tó o ṣí ṣì máa wà ní ṣíṣí. Kọ èyí sínú /root/pamo.py:

import libvirt
b = '/sys/class/power_supply/BAT0/'
ipo = open(b + 'status').read().strip()
iye = int(open(b + 'capacity').read())
if ipo == 'Discharging' and iye < 20:
    c = libvirt.open('qemu:///system')
    for d in c.listAllDomains(libvirt.VIR_CONNECT_LIST_DOMAINS_ACTIVE):
        print(d.name())
        d.managedSave(0)
    c.close()

Tẹ sudo crontab -e, kó o fi ìlà yìí sí i, á máa yẹ bátìrì wò ní ìṣẹ́jú méjì méjì:

*/2 * * * * python3 /root/pamo.py

Láptọ́ọ̀pù míì ń pe bátìrì tiẹ̀ ní BAT1, ls /sys/class/power_supply máa fi hàn ẹ́. Mo yan 20 torí pé bátìrì tó ti gbó lè já láti 12 sí òfo lẹ́ẹ̀kan náà, tí tìẹ bá ṣì le, dín in kù. Rí i pé àyè wà lórí dísíìkì pẹ̀lú, VM oní 1GB lè fẹ́ tó 1GB níbẹ̀. Tó bá sì jí padà, wo aago inú ẹ̀, ó lè ti rẹ̀yìn, tún fi ssh wọlé torí èyí tó o ti ṣí tẹ́lẹ̀ á ti já.