Bí A Ṣe Ń Tún Asẹ́ àti Iná Táńkì Iyùn Kékeré Ṣe

Fluval Evo onílítà 52 wà lára àwọn táńkì omi òkun kéékèèké tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í sin iyùn abẹ̀mí nílé. Asẹ́ rẹ̀ wà nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn, pọ́ǹpù wà ní igun yàrá yẹn, iná sì wà lábẹ́ ìdérí. Bó ṣe jáde nínú páálí yẹn, ó tó fún ẹja clownfish méjì àti iyùn rírọ̀ díẹ̀. Àmọ́ tó bá ti pé oṣù mélòó kan, fóòmù á dọ̀tí, álíjì, ìyẹn ohun wínníwínní tó ń hù nínú omi bí ewéko, á máa yọ lára òkúta, ọkàn olúwarẹ̀ á sì ti máa fà sí àwọn iyùn tó fẹ́ iná tó lágbára. Ìgbà yẹn ni èèyàn á ra asẹ́, pọ́ǹpù àti iná pọ̀, á sì to gbogbo rẹ̀ sínú táńkì ní Sátidé kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Asẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, sáàárín rẹ̀ àti iná.

Ohun abẹ̀mí méjì tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé táńkì yìí ró. Àkọ́kọ́ ni àwọn bakitéríà tó ń gbé inú fóòmù, lára òrùka amọ̀ àti òkúta. Àwọn ló ń sọ amóníà tó ń jáde lára ẹja di nítíráìtì, tí wọ́n á tún sọ ìyẹn di nítíréètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ìkejì ni zooxanthellae, àwọn álíjì wínníwínní tó wà nínú ara iyùn, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ fún un. Bí ẹ bá kó gbogbo fóòmù dànù lọ́jọ́ kan, amóníà á lọ sókè. Bí ẹ bá tan iná tó le jù lé iyùn lórí lójijì, á lé àwọn álíjì rẹ̀ jáde, á sì funfun báláú. Tí méjèèjì bá ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ń da iyùn yín láàmú.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Èédú asẹ́ tuntun máa ń fa àwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ tó wà nínú omi kúrò. Bí omi bá ti mọ́ gaara, iná àtijọ́ yín gan-an á lágbára sí i lára iyùn láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ yẹ omi wò, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀: iyọ̀ gíráàmù 35 nínú lítà omi kan, ooru tó wà láàárín 25 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iye nítíréètì, iye fọ́síféètì. Ẹ ti po omi iyọ̀ lítà mẹ́fà sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Omi RO/DI, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ ti yọ gbogbo ohun tó yòrò sínú rẹ̀ kúrò, ni kẹ́ ẹ lò. Omi ẹ̀rọ lásán lè ní kílóríìnì àti bàbà nínú, bàbà sì máa ń pa edé àti ìgbín inú táńkì.

Ẹ yọ gbogbo wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá wọn padà, ẹ jẹ́ kí wáyà kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń tọ wáyà wá lè kán sílẹ̀ dípò kó wọnú iná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ sì wọ awò tó bo ojú, pàápàá tí zoanthid tàbí Palythoa, ìyẹn irú àwọn iyùn rírọ̀ kan, bá wà lára òkúta yín. Oró palytoxin tó lè wà lára wọn kì í ṣe ohun àfọwọ́-yẹpẹrẹ-mú. Ẹ má ṣe da omi gbígbóná sí òkúta bẹ́ẹ̀ láé.

Asẹ́

Ẹ yọ fóòmù ńlá yẹn jáde, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ gé e sí méjì. Ẹ fún ìdajì kan sínú omi tẹ́ ẹ fà jáde nínú táńkì, kì í ṣe lábẹ́ omi ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì dá a padà síbi tó wà. Ìdajì kejì ló máa fi àyè sílẹ̀ fún agbọ̀n asẹ́, ìyẹn àpótí oníke tó ní àjà mẹ́ta tí wọ́n ṣe láti wọnú yàrá ẹ̀yìn yẹn. Òwú asẹ́ ló máa wà lórí, níbi tí omi ti ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Èédú inú àpò kékeré wà láàárín. Òrùka amọ̀ tó ti wà nínú táńkì tẹ́lẹ̀ ló máa wà nísàlẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́, bakitéríà ti ń gbé lára rẹ̀.

Òwú yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ gé e kó fẹ̀ ju àjà náà lọ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí awo funfun. Tí gbogbo ojú rẹ̀ bá ti ní àwọ̀ ilẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Tí etí kan ṣoṣo bá dọ̀tí tí àárín sì funfun, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni, ẹ sì ní láti gé òmíràn. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja tó há sínú òwú á jẹrà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á sì tún padà di nítíréètì nínú omi. Lójú tèmi, òwú tí wọ́n ń pààrọ̀ lákòókò ṣe iyùn láǹfààní ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó gọbọi lọ.

Èédú ò ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ. Ẹ fi omi RO/DI ṣàn án títí eruku dúdú á fi tán lára rẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Ní ti oògùn tó ń fa fọ́síféètì, ẹ fi sílẹ̀ ná. Tí nítíréètì àti fọ́síféètì bá lọ sí òdo pátápátá, ebi ń pa iyùn nìyẹn, dinoflagellate, irú álíjì kan tó ń yọ̀ bí ilá, tó ní àwọ̀ ilẹ̀, á sì gba ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nítíréètì wà láàárín mílígíráàmù 5 sí 10 nínú lítà kan, kí fọ́síféètì sì wà láàárín 0.03 sí 0.1. Protein skimmer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìfóófòó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi iyọ̀, kò pọn dandan nínú táńkì tó kéré tó báyìí. Lítà márùn-ún tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ á ṣe iṣẹ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yọ ìdajì fóòmù tó kù, kẹ́ ẹ máa yẹ amóníà wò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá dúró sórí òdo, pọ́ǹpù ló kàn. Èyí tó ń ti omi lítà 500 sí 700 láàárín wákàtí kan tó. Ẹ wọn yàrá pọ́ǹpù àti ẹnu rọ́bà kẹ́ ẹ tó rà á. Pọ́ǹpù tó bá ń fa omi yára ju bí òwú ṣe ń jẹ́ kó kọjá lọ á fa omi yàrá ìkẹyìn gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, ẹ ó sì rí i tí ìfóófòó wínníwínní gba gbogbo táńkì. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ òwú. Tí kò bá lọ, ẹ dín agbára pọ́ǹpù kù.

Iná

Tó bá jẹ́ iyùn mushroom àti zoanthid nìkan lẹ fẹ́ sìn, iná àtijọ́ yẹn ti tó, ẹ má náwó lásán. Àwọn iyùn tó ní egungun tí ara wọn sì kún, irú bíi hammer àti torch, ló máa ń fẹ́ PAR tó tó 100 sí 150. Acropora ń fẹ́ 200 sókè. PAR ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí iyùn lè lò. Iná LED tó ń jẹ́ AI Prime, ẹyọ kan ṣoṣo, á kárí táńkì yìí pẹ̀lú àṣẹ́kù.

Ẹ gbé e kọ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 sókè omi. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ búlúù pọ̀ ju funfun lọ, torí pé ìmọ́lẹ̀ búlúù ni zooxanthellae ń lò jù. Ká ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ fẹ́ parí sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí 25, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì máa fi 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí áàpù. Ọ̀sẹ̀ méje nìyẹn. Ó máa ń ṣòro fún èèyàn láti dúró, pàápàá nígbà tí iná olówó ńlá bá ń ràn fírífírí lókè, àmọ́ iyùn ò ní bá ìkánjú yín lọ.

Iyùn tó súnkì lọ́sàn-án, tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá láti orí wá, ń jìyà iná nìyẹn. Ẹ fi 10 dín iná kù, tàbí kẹ́ ẹ gbé iyùn náà sórí iyanrìn nísàlẹ̀. Èyí tó ń nà gbọọrọ, tó sì ń ní àwọ̀ ilẹ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Tí álíjì bá bo gíláàsì ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi aṣọ nù ún, kẹ́ ẹ sì dín wákàtí iná kù sí méje fúngbà díẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìdérí bá kúrò

Iná tuntun kì í jẹ́ kí ìdérí àtijọ́ lè padà sórí táńkì. Ẹ fi àwọ̀n tín-ín-rín bò ó, torí ẹja máa ń fò jáde, pàápàá goby àti wrasse. Omi náà á máa gbẹ. Tẹ́ ẹ bá yọ àyè òkúta kúrò, omi inú táńkì yìí ò ju nǹkan bíi lítà 45 lọ. Tí ìdajì lítà bá ń gbẹ lójúmọ́, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, iyọ̀ á ti kúrò lórí 35, á ti lé ní 36. Iyọ̀ kì í bá omi fò lọ, nítorí náà omi RO/DI tí kò ní iyọ̀ lẹ máa fi dí i. Ẹ fi téèpù fa ìlà sí yàrá pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ máa bu omi kún un dé ìlà yẹn láràárọ̀, tàbí kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tó ń bu omi kún ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì, èyí tó máa ń tan ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, kẹ́ ẹ tó ra iná olówó ńlá. Iyùn lè fara da ọjọ́ kan tàbí méjì nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ péré nínú omi tí kò mì, ẹja á ti máa mí gúlegúle. Ooru lẹ máa bá jà ju òtútù lọ, torí náà ẹ gbé fáànù kékeré kọ́ kó máa fẹ́ sójú omi nígbà tí ooru bá ti kọjá 27. Fáànù yìí á mú kí omi tètè gbẹ, ẹ ò sì ní lè máa dúró dàárọ̀ kẹ́ ẹ tó wo ìlà téèpù: ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́.