Bí mo ṣe tún òṣùwọ̀n iṣẹ́ ṣe ní ilé búrẹ́dì kan ní Kubwa

Búrẹ́dì ń jáde, ọkọ̀ ń kó o lọ, síbẹ̀ owó ò dúró lọ́wọ́ Àǹtí. Ohun tó gbé wá bá mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, ilé búrẹ́dì rẹ̀ sì wà ní Kubwa ní Abuja, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí débi pé o lè ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ láìsọ Hausa kankan. Ó ní, "Ìwọ tó o máa ń ṣe ìwé òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, wá bá mi wo àwọn èèyàn mi. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń fi mí ṣeré."

Fọ́ọ̀mù ló wà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí ló mọ APER, ìwé tí ọ̀gá fi ń díwọ̀n òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ́fíìsì Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ ti ní kí PMS (Performance Management System, ètò ìdíwọ̀n iṣẹ́ míì) rọ́pò rẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ ti máa kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí ẹnikẹ́ni tó díwọ̀n ohunkóhun. Mo fara mọ́ ìyẹn ju APER lọ. Ṣùgbọ́n ilé búrẹ́dì tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò pé ogún, kí ló fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ṣe? Mo ní kí Àǹtí jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá dúró wò wọ́n ná.

Mo débẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń da ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ títí ọkọ̀ fi jáde. Lára ògiri, nítòsí ẹnu ọ̀nà, pátákó funfun kan wà: orúkọ àwọn dírẹ́bà, iye búrẹ́dì tí kálukú gbé jáde lójúmọ́. Ẹni tó bá gbé jù lóṣù ló ń gba ẹ̀bùn. Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n ń kà nínú gbogbo ilé yẹn nìyẹn. Mo wá rìn lọ sẹ́yìnkùlé. Búrẹ́dì àná àti ti ìjẹta ló kún inú agbọ̀n níbẹ̀, àwọn tí ṣọ́ọ̀bù dá padà, tí wọ́n máa tà ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ iye wọn sílẹ̀.

Kò sí olè níbẹ̀ o. Búrẹ́dì tó jáde ni Àǹtí ń fúnni lẹ́bùn lé lórí, búrẹ́dì tó jáde ni wọ́n sì ń fún un. Dírẹ́bà á kó ọgọ́rùn-ún fún ṣọ́ọ̀bù tí kò lè tà ju ọgọ́ta lọ, á ní kí wọ́n san owó tó bá yá. Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí irú rẹ̀ ní 1975 nínú bí ìjọba ṣe ń darí owó ìlú. Ní 1997, Marilyn Strathern, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá, wá sọ ọ́ lọ́nà tí èèyàn púpọ̀ fi mọ̀ ọ́n lónìí, pé òṣùwọ̀n tó bá ti di ohun àlépa kì í ṣe òṣùwọ̀n gidi mọ́. Àfi bíi pé wọ́n rí pátákó Àǹtí.

Nígbà tí a jókòó láti yan ohun tí a máa kà, ọgbọ́n tí Robert Kaplan àti David Norton, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tó mọ̀ nípa ìṣàkóso iléeṣẹ́, gbé jáde ní 1992 ni mo mú wá: kí iléeṣẹ́ má fi ojú owó nìkan wo ara rẹ̀, kó wo ti oníbàárà, ti iṣẹ́ inú ilé, àti ti ẹ̀kọ́ tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń kọ́. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń to òṣùwọ̀n jọ rẹpẹtẹ lórí ọgbọ́n yìí títí tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rántí wọn. Ìbéèrè kan péré ni mo bi Àǹtí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú búrẹ́dì tó jáde lọ́sẹ̀ yìí, mélòó ló ti di owó lọ́wọ́ wa? Aago mélòó ni búrẹ́dì ń dé ọ̀dọ̀ mai shayi? (Àwọn tó ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà nìyẹn. Àwọn ló ń rà jù, ìrọ̀lẹ́ sì ni ọjà wọn máa ń yá, búrẹ́dì tó bá dé lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì ti bá ti ẹlòmíì lórí tábìlì.) Búrẹ́dì mélòó là ń rí nínú àpò ìyẹ̀fun kan? Bí ẹni tó ń ṣọ́ ààrò bá lọ sílé fún ọdún Iléyá, ta ló máa dúró fún un? Ìkẹrin yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà lójoojúmọ́, a kàn fẹ́ kọ orúkọ síbẹ̀ ni, a ò sì rí ẹni tí a máa kọ. Àǹtí lanu. "Háà, tó bá wá ṣàìsàn ńkọ́?" Ọjọ́ kejì ló ti yan ọmọkùnrin kan tì í.

Àpò ìyẹ̀fun ló gba àkókò jù. Kílò 50 ni àpò kan. Bí wọ́n bá po omi, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì àti iyọ̀ mọ́ ọn, ohun tó ń jáde nínú ẹ̀rọ á tó kílò 80 ó lé díẹ̀. Bí wọ́n bá ń gé e ní gíráàmù 800, ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí kílò 80 bí. Bí ọwọ́ bá wá fi gíráàmù 40 péré lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, márùn-ún ti lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Sikéèlì wà lórí tábìlì o, ìyẹ̀fun ti bo ojú rẹ̀. Ojú lásán ni wọ́n fi ń gé e.

Bàbá tó ń darí pípò, àgbàlagbà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti wà nídìí búrẹ́dì kí Àǹtí tó ronú rẹ̀ rárá, fajú ro. "Ọmọ mi, ọwọ́ mi ju sikéèlì lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ yín gan-an la fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí rí."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé mẹ́wàá bí wọ́n ṣe máa ń gé e, kí àwọn ọmọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ náà gé mẹ́wàá. Ti Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu délẹ̀. Tàwọn ọmọ ni ìran: 790, 870, 815, 880. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n fi etí aṣọ wọn nu ojú sikéèlì. Àwọn fúnra wọn ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa wọn ẹyọ kan nínú páànù kọ̀ọ̀kan, èmi kọ́.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí Àǹtí máa lọ bá Bàbá ní gbogbo ọjọ́ tí iye bá wálẹ̀. Ìyẹ̀fun kan ń mu omi ju òmíì lọ, iná á lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń pò ó lọ́wọ́, ọyẹ́ á mú kí ó pẹ́ kó tó wú. Ní 1924, Walter Shewhart, tó ń ṣiṣẹ́ ní Western Electric ní Amẹ́ríkà, ya àtẹ kan tó fi ń ya ìyípadà tí kò lè ṣe kó má wà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ohun kan pàtó fà. Tèmi ò le tó tirẹ̀: páálí ńlá kan, ìlà kan lókè, ìlà kan nísàlẹ̀, tí mo fà lẹ́yìn tí a ti ń kọ iye ojoojúmọ́ sílẹ̀ fún bí oṣù kan. Bí iye bá wà láàárín ìlà méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má bi Bàbá ní nǹkan kan. Bó bá yọ síta, tàbí tó ń wálẹ̀ léraléra, a máa jókòó lé e lórí. Wọ́n sì ń kọ "iná lọ" tàbí "ìyẹ̀fun tuntun" sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn dírẹ́bà ló le jù. A nu pátákó, a tún un kọ: èyí tó jáde, èyí tó padà, owó tó wọlé. Ẹni tó ń gba ẹ̀bùn tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ipò kẹta, ó sì yarí. Ẹni tó ń lọ Bwari náà ní, "Ọ̀gá, Bwari kọ́ ni Gwarinpa o. Ọ̀nà mi jìn, ṣọ́ọ̀bù mi ò pọ̀." Òótọ́ ló sọ. A ò fi wọ́n wéra mọ́; ti oṣù tó kọjá la fi ń wé ti kálukú.

Ọgbọ́n míì sì wà tí mo mọ̀ pé wọ́n lè ta. Bí búrẹ́dì tó padà bá ti ń ba èèyàn lórúkọ jẹ́, á kúkú fi èyí tó ti le sílẹ̀ lọ́dọ̀ mai shayi, kí oníbàárà lọ rì í sínú tíì gbígbóná. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ àwọ̀ okùn tí wọ́n fi ń di ẹnu láílọ́nù lójoojúmọ́. Ọmọ Àǹtí tó gbọ́ Hausa dáadáa máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mélòó kan lọ́sẹ̀ láti wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá ti jáde, gbogbo wọn á dúró níwájú pátákó. Kò sí ìjókòó. Kí ló yí padà? Kí la máa ṣe sí i? Ta ló máa ṣe é? Kálukú ló ń ka iye tirẹ̀ fúnra rẹ̀, Àǹtí kọ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò náà, torí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ 62 kì í pẹ́ sọ ohun tó fà á.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti Àǹtí. Ó fẹ́ máa gé e bí iye bá wálẹ̀. Mo ní rárá. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò fún agbanisíṣẹ́ láàyè láti máa gé owó òṣìṣẹ́ bó ṣe wù ú, ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, ọjọ́ tó bá gé e ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irọ́ sórí pátákó. "Ṣé kí n kàn máa ka iye lásán ni?" Mo ní kó fún wọn ní oṣù mẹ́ta kó tó so owó mọ́ ọn, kó jẹ́ ẹ̀bùn, kó sì jẹ́ ti gbogbo ilé pọ̀, torí dírẹ́bà ò lè ta búrẹ́dì tí ààrò jó. Ó gbà, àmọ́ kò dùn mọ́ ọn.

Agbọ̀n ẹ̀yìnkùlé ti fúyẹ́ débi pé ẹlẹ́dẹ̀ wá fẹjọ́ sùn. Àpò ìyẹ̀fun kan ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún. Gbèsè àwọn ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀. Pátákó kì í gba gbèsè, ẹsẹ̀ ló ń gbà á.

Àǹtí ti ń ní kí n gbé ètò yìí lọ sí ẹ̀ka rẹ̀ ní Suleja. Mo ní kó má kọ iye Kubwa síbẹ̀: igi ni wọ́n fi ń dáná ààrò wọn, búrẹ́dì wọn kéré sí tiwa, àwọn oníbàárà ló sì ń wá rà á lẹ́nu ọ̀nà fúnra wọn, kò sí dírẹ́bà. Bàbá ló máa kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n lọ bá wọn wọn tiwọn.