Bí a ṣe lè kọ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nípa òkun níbi tí òkun ò sí

Okun o, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Ìkíni àwa ará Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi yìí gan-an ni ọmọ kan fi dá mi dúró ní kíláàsì SS2 lọ́jọ́sí, ó ní ṣé torí pé àwọn baba wa ti gbé etí òkun rí la ṣe ń kíra wa bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní rárá, ìkíni ni, kì í ṣe omi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìbéèrè yẹn dáa ju gbogbo nǹkan tí mo ti kọ sójú bọ́ọ̀dù láàárọ̀ yẹn lọ. Láti Kàbbà dé Ìsánlú, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò tíì fojú kan òkun rí, tẹ́ ẹ bá wá lọ fi dáyágíráàmù inú ìwé bẹ̀rẹ̀, wọ́n á há a sórí, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó parí nìyẹn.

Nǹkan òkun tó ti wà nílé wọn tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bi ìyá wọn àti ìyá-ìyá wọn, kí kálukú mú nǹkan kan wá: edé ẹ̀kún ọwọ́ kan, pánla, orí Kote tàbí Titus láti kóólù-rúùmù, owó ẹyọ tó wà nísàlẹ̀ àpótí màmá àgbà, iyùn náà tí ẹni tó ni ín bá gbà (ẹ má fipá gbà á o, ohun iyì ni). Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì, kẹ́ ẹ fi ẹja àrọ̀ àti èpìyà tí wọ́n pa ní odò wa kún un, kí wọ́n wá máa yà á sọ́tọ̀, èwo ni tòkun, èwo ni todò. Wọ́n á ṣì í, wọ́n á jiyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á dáadáa kẹ́ ẹ tó dá sí i. Ibi tí ẹnu máa ń yà wọ́n jù ni owó ẹyọ, tí wọ́n bá gbọ́ pé ìkarahun ìgbín òkun ni, pé láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó o wá tí àwọn baba wa fi ń nájà. Iyùn ńkọ́? Kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe kóró igi, ilé tí àwọn ẹranko kéékèèké kọ́ sínú òkun ni. Ẹ fi ìyẹn wọlé sí ọ̀rọ̀ coral reef (àpáta iyùn inú òkun): kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo oríṣi ẹ̀dá inú òkun ló ń rí ibi gbé níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ẹ gbé iyọ̀ wá. Píọ́ wọ́tà méjì jẹ́ lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà tí wọ́n gé lórí jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 35, bí omi òkun ṣe níyọ̀ tó nìyẹn. Ẹ gé iṣu tútù wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sínú omi iyọ̀, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sínú omi lásán, tó bá máa fi tó wákàtí kan tàbí méjì, ti inú iyọ̀ á ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ti inú omi lásán á le gbagidi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Ohun tí omi òkun máa ṣe fún ẹja odò nìyẹn, á fa omi ara ẹ̀ jáde. Ó ń fa ti ẹja òkun náà, ìdí nìyẹn tí Titus fi máa ń mu omi òkun tí á sì fi ìjàgbọ̀n (gill) ẹ̀ lé iyọ̀ tó pọ̀jù jáde.

Fún ti jíjìn òkun, ẹ kó wọn lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, kí ìgbésẹ̀ ńlá kan dúró fún ọgọ́rùn-ún mítà. Ìgbésẹ̀ méjì péré láti ẹnu góòlù, ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè fi ṣe oúnjẹ ti tán. Mẹ́wàá, òkùnkùn birimùbirimù. Ìgbésẹ̀ 37 ni òkun jìn tó tá a bá ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀ ká sì pín in dọ́gba (average), ibi tó jìn jù, ní Mariana Trench, ọ̀gbun inú Òkun Pàsífíìkì, á gbé yín dé góòlù kejì. Inú ìgbésẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn plánkítọ́ọ̀nù, ẹ̀dá tíntìntín tójú ò lè rí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ bí ewéko, ń gbé, àwọn ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tí ewéko ayé ń ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn náà ni oúnjẹ gbogbo ẹja òkun tó wà lórí tábìlì ìjẹta ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé òkun àtàwa ò jìnnà síra tó bá a ṣe rò. Odò Kampe ń ṣàn lọ bá Ọya, Ọya àti Bẹ́núè pàdé ní Lọ́kọ́jà, wọ́n gba Ìdah kọjá títí wọ inú òkun, ọ̀nà omi yìí ni àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò nì, Richard Lander àti àbúrò ẹ̀ John, tọ̀ ní 1830. Kí omi náà tó dẹ́nu òkun, á kọ́kọ́ gba inú igbó mangrove (igi tó ń hù nínú omi iyọ̀ létí òkun) tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, ibi tí ọmọ ẹja àti ọmọ edé ń sá pamọ́ sí láàárín gbòǹgbò. Torí náà, ẹ ní kí wọ́n ka náílọ̀ọ̀n píọ́ wọ́tà tó wà nínú gọ́tà iléèwé fún ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n sì fi ìka tọ ọ̀nà tí òjò máa gbà gbé e lórí máàpù. Ìjàpá òkun máa ń rò pé jẹ́lífíìṣì ni náílọ̀ọ̀n, á gbé e mì. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá ń sọ ọ́.

Tówó bá wà, ẹ kó wọn lọ Lọ́kọ́jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n wo bí àwọ̀ omi méjèèjì ṣe yàtọ̀, kí wọ́n bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀. Ẹ má lọ ní September tàbí October o, gbogbo wa la rí omíyalé 2012 àti 2022. Kò sì sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ life jacket.

Ní ti ìdánwò, mi ò kì í béèrè pé kí ni òkun mọ́. Mo máa ń gbé Kote kan sórí tábìlì: ibo ló gbé, kí ló jẹ, kí ló lè jẹ ẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i tá a bá jù ú láàyè sínú Kampe? Ẹni tó bá ti fọwọ́ tẹ iṣu inú omi lásán yẹn á mọ ohun tó máa kọ.