Fáànù Ọkọ̀ Ìkẹ́rù: Títú Rẹ̀ àti Dídá A Padà

Tòmátò tó kúrò lóko láàárọ̀ kùtù, tí ọkọ̀ tó gbé e wá ń hó lójú ọ̀nà Mọ́níyà títí oòrùn fi kàn átàrí, ta ni yóò rà á ní Bódìjà? Irú àdánù yẹn ló fa ìwé yìí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wo omi rédíétọ̀. A ò sọ ìyẹn. Fáànù oníná oníwáyà 2 tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ là ń bá wí.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí 1, ó kéré tán. Ẹ fi sípánà 10 tú orí bátìrì tó ní àmì −. Fáànù yìí lè ṣàdédé yí nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò yín, ìka yín ni yóò sì bá níbẹ̀. Ẹ tẹ ahọ́n ike tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà fáànù kí ẹ tó yọ ọ́. Ike ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe wáyà. Bóòtù 4 ló sábà ń di férémù rẹ̀ mú. Ẹ ki páálí sáàárín fáànù àti rédíétọ̀, kí ẹ wá fà á sókè. Bí hóòsì òkè bá dí i lọ́nà, ẹ da omi inú rẹ̀ sí garawa, kí ẹ sì dé e: kúláàntì, ohun olómi tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ajá, ewúrẹ́ àti ọmọdé.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bàjẹ́ rèé, a sì ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n á ra fáànù tòkunbọ̀ ní Ararọ̀mí, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò ní bá ti ọkọ̀ mu, rìwáyà á gé e, á lọ́ wáyà pọ̀, á fi téèpù dúdú wé e. Bó bá so wáyà méjèèjì ní ìdàkejì, fáànù á máa yí sẹ́yìn. Ó ń yí, ó ń pariwo, gbogbo èèyàn á ní iṣẹ́ ti parí. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀: mo pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ra ìdérí rédíétọ̀ tuntun, ọkọ̀ ṣì ń hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjọ́ọ̀. Ọmọ kan ló mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sún mọ́ iwájú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ọ̀rá náà lù ú lójú. Inú ni fáànù yẹn yẹ kó máa fà á sí.

Nítorí náà, ẹ so òwú pupa mọ́ wáyà tó wá láti orí + kí ẹnikẹ́ni tó gé ohunkóhun. Bí ẹ bá ń dá a padà, ọwọ́ ni kí ẹ fi wọ gbogbo bóòtù ná, kí sípánà tó kàn án. Ẹ fi ọwọ́ yí apá fáànù ní ìgbà 3. Kò gbọdọ̀ kan férémù. Nọ́ńbà tó wà lára fíúsì àtijọ́ náà ni kí ẹ rà. Ẹ má fi wáyà rọ́pò fíúsì, ẹ jọ̀ọ́. Bí omi bá dín, ẹ po lítà 1 kúláàntì tí wọn ò tíì fi omi lú mọ́ lítà 1 omi tó mọ́, kí ẹ fi kún un.

Ẹ dá orí bátìrì padà, ẹ ṣíná ọkọ̀, ẹ tan ẹ́síì. Ẹ mú bébà kan láti inú ìwé ọmọ iléèwé, ẹ gbé e sí iwájú rédíétọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá fò kúrò, ẹ pa ọkọ̀, kí wọ́n gbé wáyà 2 yẹn sí ipò ara wọn lójú yín, kí ẹ tó sanwó.