Táàgì XML àti sítáì nínú InDesign
Ẹ̀yin tí ẹ ń fi InDesign (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ojú ìwé) to ìwé tó wá láti XML (irú fáìlì tí wọ́n ń fi táàgì, ìyẹn àmì tó ní orúkọ, sàmì sí apá kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀), ẹ yéé fọwọ́ fún pírágíráàfù ní sítáì (ìrísí lẹ́tà àti ìlà tí ẹ ti tò sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ kan) níkọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́nù pánẹ́ẹ̀lì Tags, ẹ yan Map Tags to Styles, kí ẹ tẹ Map by Name, kó lè so táàgì kọ̀ọ̀kan mọ́ sítáì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àmọ́ orúkọ táàgì àti ti sítáì gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá o: “Akole” kì í ṣe “akole”. Orúkọ táàgì kì í sì í gba àlàfo, torí náà ẹ pe sítáì yín ní “oro_isaaju”, kì í ṣe “oro isaaju”. Èyí tó máa ń dààmú èèyàn jù ni pé bí àkọlé àti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá wà lórí ìlà kan náà nínú fáìlì XML, pírágíráàfù kan ṣoṣo ni InDesign máa kà wọ́n sí. Ẹ tẹ Enter sáàárín wọn kí ẹ tó kó fáìlì náà wọlé sínú InDesign.