Àpótí ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ tó ń bọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ń fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti mọ́tò iná ńláńlá ránṣẹ́ láti Apapa tàbí Onne lọ fún àtúnṣe ní Jámánì tàbí ìlú Ọba, tí wọ́n sì ń lo àpótí pákó kan náà lálọ lábọ̀, la kọ èyí fún. Ẹjọ́ kan náà là ń gbọ́ ṣáá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lórí omi. Inú ọgbà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àpótí ṣófo, tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò ó.

Àpótí wa kò gba ẹnu kọ̀ntẹ́nà. Kí ni ká ṣe?

Ẹ wọ̀n ọ́n kó tó kúrò ní ọgbà. Ẹnu kọ̀ntẹ́nà lásán fẹ̀ tó mítà 2.34, ó ga tó mítà 2.28, ti high cube, ìyẹn kọ̀ntẹ́nà tó ga ju ti lásán lọ, ga tó 2.58. Ẹ ka ẹsẹ̀ àpótí mọ́ ọn, àti orí bóòtù tó yọ síta.

Wọ́n ní ìwọ̀n tí a kọ sínú ìwé kò bá ti òṣùwọ̀n mu.

Ìwọ̀n ẹ̀rọ nìkan lẹ kọ. Láti 1 July 2016 ni òfin àgbáyé ti ní kí wọ́n mọ ìwọ̀n kọ̀ntẹ́nà gan-an kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi: ẹ̀rọ, àpótí, igi tí wọ́n fi tì í, okùn, àti kọ̀ntẹ́nà fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe da ìwọ̀n ìrìn àjò tó kọjá kọ. Pákó tó ti mu omi ti wúwo sí i.

Òǹtẹ̀ igi wà lára àpótí nígbà tó wọlé. Kí ló dé tí wọ́n tún dá a dúró?

Nítorí pé káfíńtà yín ti pààrọ̀ pákó, ó sì fi èyí tí kò rí iná rí sí i. Òfin ISPM 15, ìyẹn òfin àgbáyé lórí igi tí a fi ń di ẹrù, ní kí ìgbóná inú igi dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30 gbáko; ohun tí HT inú òǹtẹ̀ ń sọ nìyẹn. Bí ẹ bá tún àpótí ṣe, igi tí wọ́n ti sè bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ lò, kí pákó tuntun kọ̀ọ̀kan sì ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Bí ohun tí ẹ pààrọ̀ bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ẹ pa gbogbo òǹtẹ̀ àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n sè é látòkè délẹ̀, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti igi wò, ló ń bójú tó èyí ní Nàìjíríà. A kì í fi máákà kọ òǹtẹ̀. Plywood kò sí lábẹ́ òfin yìí, ṣùgbọ́n igi ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bóòtù tó de ẹ̀rọ mọ́ ìdí àpótí máa ń dẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bí igi ṣe ń gbẹ ló ń sún kì. Ẹ má fi wáṣà kékeré lé orí igi: irin pẹlẹbẹ tó nípọn mìlímítà 6 ni kó wà lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó ní ike lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan là ń lò ó, bó ti wù kó dà bíi tuntun. Ẹ fi torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń dè é, dè é, ẹ tún padà dè é lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ wá fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé orí irin. Bí ìlà náà bá gé, nọ́ọ̀tì ti yí.

A fi ọ̀rá wé ẹ̀rọ, a kó sílíkà, hóró tó ń fa omi, sí i, síbẹ̀ ó dógùn-ún. Àlọ dára, àbọ̀ ló bàjẹ́.

Lórí èyí, ẹ dúró gbọ́ wa dáadáa, torí ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á tún kó sílíkà sí i. Kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ Èkó ní 30°C, bí ọ̀rinrin rẹ̀ bá jẹ́ 80%, gbé omi bíi gíráàmù 24 dání nínú mítà onígun kan. Bó bá tutù dé 10°C, gíráàmù 9 péré ló lè gbé. 15 á jábọ́. Nínú àpótí tó gba mítà onígun 10, gbogbo rẹ̀ kò ju gíráàmù 150 lọ. Ìyẹn kò tó nǹkan. Ẹ wá wo igi. Pákó tó jẹ́ kílò 300 ní gbígbẹ, tí omi inú rẹ̀ wálẹ̀ láti 25% sí 15%, á tú omi kílò 30 síta: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan, ó tún ṣẹ́ kù. Ẹyọ sílíkà kan, bí ìlànà DIN ti Jámánì ṣe ń kà á, ń fa bíi gíráàmù 6.

Igi ni orísun omi, kì í ṣe afẹ́fẹ́ òkun. Ìdí tó fi jẹ́ àbọ̀ náà nìyí: ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ fi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, ìta gbangba ni àpótí wà, lórí ilẹ̀ lásán, lábẹ́ òjò. Ẹ gún ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi wọ inú rẹ̀ níbi mẹ́wàá, pàápàá jù lọ abẹ́ igi ẹsẹ̀ àti kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ibì kan bá ju 18% lọ, ẹ má dé e. Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ òrùlé, ẹ fi fáànù fẹ́ ẹ.

Ibi kejì tí omi ti ń wá ni inú ọ̀rá fúnra rẹ̀. Àwọn kan á fi ìtì igi ti ọ̀pá mọ́tò nínú ọ̀rá náà. Ìtì kílò 10 tí omi rẹ̀ fi 5% wálẹ̀ á tú ìdajì kílò síta, èyí tó ju iṣẹ́ ẹyọ sílíkà 80 lọ, inú ọ̀rá náà ló sì há sí. Róbà tàbí ike líle ni kí ẹ fi tì í.

Ẹ̀kẹta, ihò bóòtù. Bóòtù ní láti gba inú ọ̀rá kọjá wọ ìdí àpótí, ibẹ̀ ni omi sì ń gbà wọlé. Ẹ tẹjú mọ́ yíká wáṣà: bí òrùka pupa bá wà níbẹ̀, ẹ ti rí i. Róbà pẹlẹbẹ lókè ọ̀rá, òmíràn nísàlẹ̀, kí ẹ tó dè é.

Àpótí là ń tún lò, a kì í tún ọ̀rá lò. Ẹ má fi téépù lẹ èyí tí ọ̀bẹ ti là. Ọ̀rá funfun lásán náà kò tó, torí ooru omi ń gbà á kọjá díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ní alumíníọ̀mù nínú ni kí ẹ rà. Sílíkà gbọ́dọ̀ wà nínú páálí rẹ̀ tó dì pa títí ẹ ó fi ṣetán. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó rọ̀ kó má kan irin, ẹ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ jáde, ẹ fi iná dì í. Ẹ fi káàdì tó ń fi ọ̀rinrin inú ọ̀rá hàn sí ibi tí ẹni tó wà níta lè rí i. Bí ó bá ti kọjá 40%, ẹ má dúró dìgbà tó máa di 60%. Láti 60% lọ, irin kì í pẹ́ dógùn-ún.

Nígbà tó bá sì padà dé, ẹ má tú ọ̀rá lọ́jọ́ náà. Irin tí kò tíì gbóná tó 26°C á làágùn ní kété tí afẹ́fẹ́ Èkó tí a sọ yẹn bá kàn án. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí tó wúwo jù á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mọ́tò kò dógùn-ún, àmọ́ ó ń pariwo láti ìgbà tó ti dé.

Ẹ pa á. Bíárìn rẹ̀ ló ti gba àpá: ọ̀pá dúró sójú kan, ọkọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, róólà ń jẹ ojú kan náà. A kò de ọ̀pá náà pa kó tó lọ ni. Ẹ má fi gíríísì bò ó. Ẹ pe ẹni tó mọ bíárìn kó tú u wò.

Etí tí kéréènì ń fi gbé àpótí ti sán díẹ̀. Ṣé wẹ́dà lè jó o pa?

Rárá. Níhìn-ín ni a kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán nǹkan wò. Bí okùn méjì bá dagun dé 30° sí ilẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan àti etí kọ̀ọ̀kan ń gba gbogbo ìwọ̀n ẹrù náà, kì í ṣe ìdajì. Ẹ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára pé kí wọ́n má gbé e. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lórí ohun ìgbẹ́rù ni kó ṣètò àtúnṣe rẹ̀, kó fi ẹrù dán an wò, kó sì fọwọ́ sí ìwé, kí kéréènì tó tún kàn án.