Àrùn Ìfun Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ àti Rọpárọsẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ilé Mọ̀

Ẹni tí ìfun rẹ̀ ń wú, tó ń yàgbẹ́ gbuuru léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, inú nìkan ni òun àti ará ilé rẹ̀ máa ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn tí dókítà ń pè ní Crohn's disease tàbí ulcerative colitis kì í mọ sí ìfun. Bí ìfun bá ti ń wú, ẹ̀jẹ̀ á máa tètè dì. Ìgbẹ́ gbuuru á tún fa omi ara gbẹ, ẹ̀jẹ̀ á sì ki. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá lọ dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ (stroke) dé nìyẹn.

Ní Sweden, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2023 yẹ àwọn tó lé ní 85,000 tó ní àrùn ìfun yìí wò. Ewu rọpárọsẹ̀ tiwọn fi ìdá 13 nínú 100 ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Ẹ má fòyà jù o: láàárín ọdún 25, nínú èèyàn 93 tó ní àrùn ìfun yìí, ẹnì kan péré ni iye àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú fi lé sí i. Àmọ́ ewu náà kì í tán bọ̀rọ̀, kódà bí inú bá ti rọ̀.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí aláìsàn bá lọ sílé ìwòsàn nítorí inú, kó ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ òun. Oògùn steroid, tí wọ́n fi ń mú kí ìfun tó wú rọ̀, tí a bá lò ó pẹ́, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, kí ṣúgà sì ga nínú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà. Kó jáwọ́ nínú sìgá pátápátá. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, kó máa mu omi ORS, ìyẹn omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà sí láti dá omi ara padà.

Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa bí nǹkan bá ṣàdédé yí padà. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín: ṣé ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan wọ́ sílẹ̀, tí itọ́ ń dà níbẹ̀? Ẹ ní kó na apá méjèèjì síwájú: ṣé ọ̀kan ń rọ wálẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra? Ọ̀kan péré nínú wọn ti tó láti sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fún un ní oúnjẹ, omi tàbí aspirin. Ẹ kọ aago tí ara rẹ̀ yá gbẹ̀yìn sílẹ̀, torí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Kí ẹ sì tètè sọ fún dókítà pé ó ní àrùn ìfun, àti ọjọ́ tó yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kẹ́yìn, nítorí oògùn yẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú ìfun tó ní egbò.